Kọ́kọ́rọ́ Tí Wọ́n Pààrọ̀ ní Ilé Pẹ́pẹ́yẹ

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ẹnu ènìyàn méjì ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn bára mu délẹ̀. Ọ̀kan ni Bev, tó ṣe aṣọ́gbó ní àwọn igbó igi pupa wa títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èkejì ni Lyle Haugen, apẹja. Mo mọ̀ pé apẹja a máa bù mọ́ ọ̀rọ̀ ẹja. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja.

Nadine Haugen, ẹ̀gbọ́n Lyle, ló ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, nínú ilé ìdáná Nadine. Bev, tí ilé tirẹ̀ wà lódìkejì òpópónà, wá bá a pẹ̀lú máàpù igbó. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ife kọfí méjì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ká padà.

"Ṣé ikú ló ń wù ọ́ ni?" Bev bi í. "Ọ̀nà yìí ń gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́."

"Mo máa rìn ín."

"Orúnkún wo lo fẹ́ fi rìn ín? Èyí tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ yẹn?"

"Orúnkún méjì ni mo ní, Bev."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́."

Nadine rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lórí máàpù. Ìka rẹ̀ ń tọ ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ìlà náà kúrò létí odò, ó gun orí òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì níbi tí àwọn igi tó dàgbà jù wà, ó sì tẹ̀ lé odò kékeré kan títí dé etí òkun. Ọ̀nà ọkọ̀ kankan kò gba àárín rẹ̀ kọjá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò sí níbẹ̀. Láàárín gan-an ni Bev ti fi bírò ṣe àmì kékeré kan. Àmì náà ni Ilé Pẹ́pẹ́yẹ.

Igi ni Ilé Pẹ́pẹ́yẹ. Iná ayé àtijọ́ ti jẹ inú rẹ̀ tán, ihò ńlá wà nídìí rẹ̀, igi ọ̀hún sì ṣì ń hù lọ sókè bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìlú wa dó a máa dí ẹnu irú ihò bẹ́ẹ̀ pa, wọn a kó pẹ́pẹ́yẹ wọn sínú rẹ̀ kó má baà sá lọ. Orúkọ náà sì ti mọ́ wọn lára. Ibẹ̀ ni Nadine da eérú Bàbá wọn sí.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Bàbá wọn kú, Lyle wà lójú òkun Àláskà, àkókò tí wọ́n ń pa akàn ni, kò sì sí ẹni tó lè rí i bá sọ̀rọ̀. Nadine dúró dè é. Ó dúró títí ó fi sú u. Ní ọjọ́ kan tí oòrùn yọ, ó gbé eérú náà, òun nìkan, ó lọ dà á síbi tí Bàbá ní kí wọ́n da òun sí. Lyle dé, ó ṣí ìkòkò eérú, ó rí i pé ó ṣófo. Ó dé e padà jẹ́ẹ́jẹ́. Ó jáde nílé. Ọdún mẹ́fà ti kọjá láti ọjọ́ náà, kò sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ yẹn, tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé sórí fóònù: *Mo fẹ́ rí ibi tí o da Bàbá sí. Mi ò ní bá ọ wọ ọkọ̀ kan náà.*

Ohun kan ṣoṣo ni Nadine ń fẹ́ láyé yìí, gbogbo wa ládùúgbò la mọ̀ ọ́n. Ó ń fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ wo ojú rẹ̀ kó ní, "Mo ti dárí jì ọ́." Ó ti wá ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń gbọ́ ẹdùn ọkàn. Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún un.

"Ó ní òun ò ní bá ọ wọ ọkọ̀ kan náà?" Bev ní. "Ó dáa. Kó má wọ̀ ọ́. Ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́."

Àwọn arìngbó wa mọ àṣà yìí dáadáa. Bí ọ̀nà bá gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè rìn ín lọ rìn ín bọ̀, ẹni kan á gbéra láti orí, ẹnì kejì á gbéra láti ìdí. Wọ́n á pàdé láàárín, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ara wọn, olúkúlùkù á máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí o bá jáde, ọkọ̀ ẹnì kejì rẹ lo máa bá níbẹ̀. Òun náà á wa tìrẹ wálé.

"O rí i," Bev ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ojú rẹ̀ ń tàn, "bó bá ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ, ó di dandan kó wá síbí wá gba ọkọ̀ rẹ̀. Kó wá, kó jókòó, kó jẹun. Jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lára kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kó gbé ọbẹ̀ kaná. Páńpẹ́ ti mú un nìyẹn!"

"Bev, o burú o."

"Mo fẹ̀yìn tì ni, mi ò tíì kú." Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú Bev. Ó gbé ọwọ́ lé orí máàpù. "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá ń lọ sínú igbó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó máa yí padà bí nǹkan kò bá dára. Ìwọ ò ní ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, kò sí ẹ̀yìn fún ọ mọ́, iwájú nìkan ló kù. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Afárá odò kékeré ńkọ́? Ìparí oṣù ni wọ́n máa ń tú u kí omi òjò má baà gbé e lọ. Ó ṣì máa wà níbẹ̀," Bev ní, ó dá ara rẹ̀ lóhùn.

Bev kò pe ẹnikẹ́ni láti béèrè. Ta ni yóò sọ fún aṣọ́gbó bí igbó rẹ̀ ṣe rí? Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa omi mímu, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ òjò àti búrẹ́dì tí wọ́n máa fi ẹran sí láàárín. Nadine fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Lyle nípa ètò kọ́kọ́rọ́ náà, pé kí ó gbéra láti etí òkun, kí òun gbéra láti etí odò. Ìdáhùn rẹ̀ kò pẹ́. *Ó dáa*, ó ní, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Ní ọjọ́ ìrìn, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí Nadine gúnlẹ̀ sétí odò. Kùrukùru bo ohun gbogbo. Ó ti ọkọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò àyà rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kàn án bí ó ti ń rìn.

Òkè náà kò ṣàánú rẹ̀. Orúnkún ń ké, èémí ń já. Ní gbogbo ìgbà tó bá rò pé òun ti dé góńgó, ọ̀nà a tún yí, òkè mìíràn a tún yọ. Ó sinmi, ó mu omi, ó bú Bev díẹ̀. Nígbà tó dé orí òkè, kò rí òkun, kò rí àfonífojì. Kùrukùru nìkan ló rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀.

Nínú àfonífojì, ìmọ́lẹ̀ yí padà. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ó dà bí àṣálẹ́. Igi pupa ibẹ̀ tóbi débi pé ènìyàn kò lè rí ẹ̀gbẹ́ wọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ rọ̀. Ẹsẹ̀ kì í dún lórí rẹ̀. Òjò kò rọ̀, síbẹ̀ omi ń kán láti òkè, tó, tó, tó. Kò sí ẹyẹ. Kò sí afẹ́fẹ́. Nadine húkọ́, ó sì dà bí ẹni pé ẹnì kan gba ikọ́ náà lẹ́nu rẹ̀, ó fi pa mọ́.

Ó dé Ilé Pẹ́pẹ́yẹ. Ihò náà dúdú, ó ga ju ènìyàn lọ. Kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó bọ́ fìlà.

"Bàbá, mo ti dé," ó ní.

"O pẹ́," ohùn kan dáhùn láti inú igi.

Lyle jáde láti inú òkùnkùn náà, ó tẹrí ba díẹ̀ kí orí rẹ̀ má gbá igi. Lyle ni. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ni. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ti dé tipẹ́?"

"Ó ti pẹ́."

"Mo rò pé o ò ní wá."

"Mo ti wà níbí."

Nadine ti há ọ̀rọ̀ sórí. Ọdún mẹ́fà ló fi tò ó. Ó la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀. Lyle gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró.

"Má ṣàlàyé. Mo ti dárí jì ọ́, Nadi. Kò sí nǹkan kan nínú mi mọ́."

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń gbé ẹrù sílẹ̀ fún ènìyàn. Nadine sunkún débi tí imú rẹ̀ fi dí. Lyle gbá a mọ́ra. Aṣọ rẹ̀ ń rùn bí ààrò tí iná ti kú nínú rẹ̀ láti ìjẹta. Inú igi ló ti wá, Nadine rò, èédú inú igi ló ta sí i lára. Ó tún di í mú dáadáa.

Nadine fún un ní búrẹ́dì. Lyle gbà á, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó sì fi sápò.

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" ó béèrè.

Ó na tirẹ̀ sí i. Nadine na tirẹ̀ náà, kọ́kọ́rọ́ ilé wà lára rẹ̀ bí wọ́n ti jọ ṣètò. Lyle pa ọwọ́ dé lórí rẹ̀.

"Ilé rẹ," ó ní. "Ọ̀nà wo ni mo máa gbà débẹ̀?"

Nadine bú sẹ́rìn-ín láàárín omijé. "Yẹ̀yẹ́ rẹ kò tíì dínkù! Ọdún mẹ́fà tí o ò wá kí mi, o wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀nà mọ́."

"Sọ ọ́ fún mi."

"Ilé Bàbá náà ni. Mi ò kó kúrò."

"Sọ ọ̀nà rẹ̀."

Ó sì sọ ọ́. Kó kọjá afárá ńlá, kó kọjá ilé epo, kó yà sí ọ̀nà kejì lọ́wọ́ òsì, ilé tó ní ilẹ̀kùn búlúù. Bí ó ti ń sọ ọ́, ètè Lyle ń mì. Ó ń tún un sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀, bí ọmọdé tó ń kọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó parí, Lyle mi orí.

"Mo máa gbé ọbẹ̀ kaná," ó ní.

Ó gba ọ̀nà tí Nadine gbà wá lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ta ni í dún nínú igbó yẹn?

Inú Nadine dùn. Ó ń rìn bí ẹni ọdún ogún. Ó tilẹ̀ ń kọrin. Ó ti rìn tó ìdajì ọ̀nà tó kù kí orin náà tó kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Inú ilé yẹn ni wọ́n bí Lyle sí. Ilé ìdáná ni wọ́n bí i sí ní tòótọ́, nítorí pé ìyá wọn kò rí ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn. Yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe, Nadine sọ fún ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́ ni, kí ló dé tí kò rẹ́rìn-ín nígbà tí òun rẹ́rìn-ín? Kí ló dé tí ètè rẹ̀ ń mì?

Ó dúró. Ó yíjú sẹ́yìn. "Lyle!" ó pariwo. Igbó náà kò dá ohùn rẹ̀ padà. "Lyle o!" Kò sí ohun kankan.

Ó gbé ẹsẹ̀ láti padà, ó sì rántí. Kí ló fẹ́ padà sí? Bó bá tilẹ̀ sáré lórí orúnkún tó ń ké yìí, ẹni náà á ti wa ọkọ̀ lọ kó tó dé. Bó bá bá ọkọ̀ níbẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́ tó máa fi ṣí i. Kò ní èyí tó máa fi ṣí ilé tirẹ̀ pàápàá. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ júwe ọ̀nà.

Ẹ̀rù ba Nadine wàyí. Igi wà lọ́tùn-ún, igi wà lósì, wọ́n sún mọ́ra bí ògiri. Kùrukùru dí òkè. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níwájú, kò sì ní ibòmíràn láti lọ. Ó rò ó pé pẹ́pẹ́yẹ kì í mọ̀ pé wọ́n ti tì í mọ́lé. Ó kàn máa ń rí i pé ibì kan ṣoṣo ló kù tí òun lè dorí kọ. Nadine ń rìn. Kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Kò fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ó gbọ́ ìró odò. Ó rí afárá pákó náà, ó tutù, ó ń yọ̀. Ó di okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó rọra kọjá. Pákó ń dún wínrin lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ dé, iyanrìn dé, ó gbọ́ òkun. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Lyle wà níbi tí wọ́n ní kó wà.

Lyle jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó fi jákẹ́ẹ̀tì bo orí, ojú rẹ̀ le koko.

"Báwo lo ṣe ṣáájú mi?" Nadine bi í.

"Ṣáájú rẹ lọ síbo? Ibí ni mo wà láti àárọ̀."

"Lyle, má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

"Kí ni mo ṣe? Wọ́n ti tú afárá, omi sì ti kún. Mo ní kí n máa lọ sílé, mi ò rí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Mo ti tú gbogbo ọkọ̀ yìí, mo ti fi ọwọ́ tú iyanrìn. Fóònù ò lọ. Bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni mo ṣe wà níbí."

"Afárá wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo gbà kọjá nísinsìnyí."

"Afárá wo?"

Lyle sọ̀ kalẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ padà sétí odò. Òpó méjì ló wà lápá ibí, òpó méjì lápá ọ̀hún. Omi pupa rúsúrúsú ń sáré láàárín wọn. Wọ́n ti to pákó afárá jọ sábẹ́ igi kan, wọ́n fi tapólì bò wọ́n, ewé ti já lé e lórí. Nadine wo bàtà rẹ̀. Ó gbẹ.

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù wà nínú rẹ̀, ẹja onídẹ kékeré tí Lyle máa ń so mọ́ ọn ṣì wà lára rẹ̀.

Lyle wò ó, kò fọwọ́ kàn án. "Ibo lo ti rí i?"

"Ìwọ lo fún mi."

Wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Kò sí èyí tó rántí pé ẹnì kan ti ní òun kò ní wọ̀ ọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ yí igbó náà ká, ó jìn, igi sì ń bá wọn lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Inú ọkọ̀ yẹn ni Nadine ti ro gbogbo rẹ̀ fún Lyle, láti orí òkè dé ibi tó ti júwe ọ̀nà. Lyle kò dá a lẹ́nu.

"Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ," Lyle ní. Ojú rẹ̀ wà lọ́nà. "Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti tú afárá, inú mi dùn. Mo wá sọ fún ọ pé mi ò lè dárí jì ọ́. Mo ti gbìyànjú, kò jáde. Mo rò pé ó yẹ kéèyàn sọ irú ẹ̀ lójú koojú, kì í ṣe lórí fóònù."

Nadine wo ọwọ́ ara rẹ̀. "O ti sọ ọ́ fún mi pé o dárí jì mí."

"Kì í ṣe èmi."

"Mo mọ̀."

Wọ́n dé etí odò níbi tí Nadine ti gbéra ní àárọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ojú táyà tuntun wà nínú ẹrẹ̀, ó yí jẹ́jẹ́, ó bọ́ sójú títì. Lyle ní kí àwọn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

"Kí la fẹ́ wí fún wọn?" Nadine bi í. "Pé o ti jí ọkọ̀ mi gbé, o sì tún gbé mi wá fẹjọ́ ara rẹ sùn?"

Lyle dorí ọkọ̀ kọ ilé.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Ọkọ̀ Nadine dúró níwájú ilé, gbọọrọ, ó dára ju bí Nadine fúnra rẹ̀ ṣe máa ń gbé e sí lọ. Èéfín ń jáde lórí òrùlé. Iná ń tàn nínú ilé ìdáná. Wọ́n ń gbóòórùn ọbẹ̀ ẹja àti ọ̀dùnkún láti inú ọkọ̀. Ọbẹ̀ tí Bàbá wọn máa ń sè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni.

Bev rí wọn, ó sáré kọjá òpópónà, ó ń ju ọwọ́.

"Arìnrìn-àjò! Orúnkún ti já kù sọ́nà ni? Àbúrò rẹ ti dé tipẹ́, ó juwọ́ sí mi lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín bí—" Ó bẹ̀rẹ̀ láti wo inú ọkọ̀. Ó rí ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú.

Bev kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi wọ ilé rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun ti ilẹ̀kùn, òun gbé àga tì í, òun sì ń wò láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Máàpù ọjọ́ yẹn ló ń sunkún lé lórí nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní òun lòun ṣètò rẹ̀.

Nadine àti Lyle ṣì jókòó nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan fa kọ́tìnì ilé ìdáná sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Nadi!" ohùn náà pè. Ó wọ́ọ́rọ́, ó kún fún ìfẹ́. "Ọbẹ̀ ti jinná. Wọlé wá."

Ọwọ́ Nadine wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Má lọ," Lyle ní. Láti ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tó kọ́kọ́ sọ fún un nìyẹn. "Nadine, mi ò mọ nǹkan tó wà níbẹ̀ yẹn. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Jẹ́ ká wa ọkọ̀ yìí lọ. Ibikíbi."

Nadine yíjú sí i. Kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Sọ ohun tó sọ fún mi," ó ní. "Irọ́ ni kó jẹ́. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Lyle, mi ò ní lọ."

Lyle la ẹnu. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ sọ ọ́. Ó fi Ọlọ́run búra. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dúró sí òun lọ́fun bí egungun ẹja, òun ń tì í, kò lọ. Nadine ń wò ó, ó ń dúró, bí ó ti dúró dè é nígbà tí Bàbá kú. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tiro lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn búlúù ti ṣí sílẹ̀ kó tó kàn án. Ó wọlé.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn tì ni ọ̀nà ọ̀fun Lyle ṣí. Ó fò sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó sáré, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn náà gbàgbàgbà. Bev gbọ́ ọ láti òdìkejì òpópónà.

"Nadine! Mo ti dárí jì ọ́! Ṣé o gbọ́ mi? Mo ti dárí jì ọ́! Jáde wá!"

Lyle gbọ́ tí ṣíbí ń kan àwo nínú ilé. Lẹ́yìn náà, ohùn kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò pariwo. Ohùn tirẹ̀ gan-an ni, Lyle mọ ohùn ara rẹ̀.

"A ti sọ ọ́ fún un," ohùn náà ní.